Òpó Mábù àti Igi Inú Ògiri: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Galileo (1638) gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìtúpalẹ̀ Ìhun Ilé

Ìfáàrà

Bí wọ́n bá dárúkọ ìhun láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni ìhun gbólóhùn, ìhun sílébù tàbí ìhun ìtàn àròsọ. Lámèyítọ́ tí ó bá ń fi ojú ìhun wo lítíréṣọ̀ yóò fẹ́ mọ bí ẹ̀yà kan nínú iṣẹ́ náà ṣe gbé ẹ̀yà mìíràn ró, àti ohun tí yóò bàjẹ́ bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò. Ìbéèrè yìí gan-an ni ẹnjiníà tí ó ń kọ́ ilé àti afárá máa ń bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà lẹ́nu lámèyítọ́ lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé àwọn onímọ̀. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà lọ́wọ́ ẹnjiníà a máa pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí iléèwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tí ó bá a lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40.

Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ irin àti ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò ni ó máa ń gba ẹnu kan. Òótọ́ wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni bí ẹrù ṣe ń rìn nínú ilé láti òrùlé títí dé ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè fi rúlà àti ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ. Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú rẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Galileo Galilei ni ó kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ní ṣókí ni Discorsi, ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1638. Ibi méjì ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò nínú rẹ̀: ìtàn òpó mábù tí ó wà ní Ọjọ́ Kìíní, àti ìṣirò igi tí a kì bọ inú ògiri tí ó wà ní Ọjọ́ Kejì. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí àwọn ẹ̀dá inú ìwé náà ti ń bi ara wọn léèrè ni ìmọ̀ rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ, àti pé ibi tí ìbéèrè ti dákẹ́ ni àṣìṣe ti ráyè wọlé.

Ìwé náà àti Èdè Rẹ̀

Galileo ti di ẹni ọdún 74 nígbà tí ìwé yìí jáde. Láti ọdún 1633 tí ilé-ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì ti dá a lẹ́bi ni wọ́n ti há a mọ́lé, Arcetri nítòsí Florence ni ó sì ń gbé. Wọn kò fún un láyè láti tẹ ìwé mọ́ nílẹ̀ Ítálì, èyí ni ó mú kí ilé ìtẹ̀wé Elzevir ní Leiden gbà á tẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà tí ìwé náà fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1642.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè fiyè sí níbí. Èdè Látìnì ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù nígbà náà, ṣùgbọ́n èdè Ítálì, èdè tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ń sọ, ni Galileo fi kọ Ọjọ́ Kìíní àti Ọjọ́ Kejì tí ó dá lórí bí ohun èlò ṣe ń fara da ẹrù. Èyí túmọ̀ sí pé èdè abínibí ni wọ́n fi bí ìmọ̀ yìí. Àwọn tí ó gbá Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ mú láti ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú wọn, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré nígbà tí wọ́n ní èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ Galileo di akíkanjú èdè abínibí ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó dé orí ìmọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rìn, ní Ọjọ́ Kẹta àti Ọjọ́ Kẹrin, ó padà sí Látìnì fún àwọn ẹ̀rí rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà kọ ìwé náà. Ẹ̀dá mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: Salviati tí ó ń gbẹnu sọ fún òǹkọ̀wé, Sagredo tí í ṣe ọmọ Venice tí orí rẹ̀ pé, àti Simplicio tí ó gba ẹ̀kọ́ Aristotle gbọ́. Ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ní Venice ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò ni ìdí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ fi máa ń fi igi àtìlẹ́yìn tí ó pọ̀ gan-an ti ọkọ̀ ńlá tí wọn kò tíì tì sómi, tí wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tí ó kéré. Ìdáhùn Salviati ni ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ yìí. Bí wọ́n bá sọ gbogbo ìbú, gígùn àti gíga nǹkan di ìlọ́po 2, ìwọ̀n rẹ̀ yóò di ìlọ́po 8, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó fi ń gbé ẹrù yóò di ìlọ́po 4 péré. Ohun ńlá máa ń rí ìyà ara rẹ̀ ju ohun kékeré lọ. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi lè fẹsẹ̀ ṣẹ́ bí ó bá já bọ́ láti ibi tí ajá yóò ti bọ́ tí yóò sì dìde. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ fi páálí ṣe àwòṣe afárá gbọ́dọ̀ sọ èyí fún wọn, nítorí pé dídúró tí àwòṣe dúró kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé afárá yóò dúró.

Òpó Mábù

Salviati ni ó sọ ìtàn náà. Wọ́n dá òpó mábù ńlá kan dùbúlẹ̀, wọ́n sì fi igi ṣe ìrọ̀rí fún un ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Nígbà tí ó ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ kan wòye pé bí àárín rẹ̀ kò ti ní ohun tí ó gbé e ró, ìwọ̀n ara rẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n ki ìrọ̀rí kẹta sí àárín. Ó ronú bí ẹni tí ó gbà pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì gbà pé ọgbọ́n ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n bá òpó náà ní ṣíṣẹ́, orí ìrọ̀rí tuntun yẹn gan-an ni ó sì ti ṣẹ́.

Ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wádìí ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀rí ìpẹ̀kun ti jẹrà, ó sì ti rì. Èyí tí ó wà láàárín ṣì le koránkorán. Ìdajì òpó náà wá nà gbọọrọ sínú afẹ́fẹ́ láìsí ohun tí ó gbé e. Salviati fi kún un pé bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀rí méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ó wà, ohunkóhun kì bá ti ṣe òpó náà. Bí ọ̀kan bá rì, òun náà yóò bá a sọ̀ kalẹ̀.

Kò sí ìtàn tí ó kéré tó báyìí tí ó kún fún ẹ̀kọ́ tó báyìí nínú ìmọ̀ ilé kíkọ́. Láti rí i, ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo àwọn ọkùnrin tí ó ń fi èjìká ru ìtì igi. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó dájú pé ìdajì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ì báà jẹ́ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ìpín wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kẹta bá bọ́ sí àárín, ta ni ó lè sọ iye tí ó ń gbé? Bí ó bá kúrú, kò gbé nǹkan kan. Ó kàn ń bá wọn rìn ni. Bí ó bá ga jù wọ́n lọ, òun nìkan ni ó ru gbogbo rẹ̀, àwọn méjì yòókù ń fọwọ́ kan igi lásán. Kí ènìyàn tó lè pín ẹrù náà, ó gbọ́dọ̀ mọ gíga èjìká kọ̀ọ̀kan àti bí igi náà ṣe lè tẹ̀ tó.

Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní ìlànà mẹ́ta ìtúpalẹ̀ ìhun kò ju èyí lọ. Àkọ́kọ́ ni ìdọ́gba: gbogbo ohun tí ẹrù tì sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí àwọn ìrọ̀rí tì sókè mu, kò sì gbọdọ̀ sí ohun tí yóò yí nǹkan náà dànù. Èkejì ni ìbáramu: bí igi bá tẹ̀, kò gbọdọ̀ já kúrò lórí ohun tí wọ́n ní ó gbé e, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ìwà ohun èlò: iye tí mábù, igi tàbí irin fi ń nà tàbí sún kì bí ipá bá dé bá a. Níbi tí ìrọ̀rí bá ti jẹ́ méjì, ìdọ́gba nìkan tó láti pín ẹrù. Níbi tí ó bá ti di mẹ́ta, àfi kí gbogbo wọn péjọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tì í. Ká ní òpó náà gùn ní mítà 8, tí ó sì wọn tọ́ọ̀nù 16. (Òpó mábù tí ó nípọn tó nǹkan bíi mítà 1 yóò wọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe iye àfẹnujẹ.) Bí ìrọ̀rí bá wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé tọ́ọ̀nù 8, ipá ìtẹ̀ tí ó wà ní àárín yóò sì jẹ́ 16 bí a bá fi tọ́ọ̀nù àti mítà wọ̀n ọ́n. Ikùn òpó náà ni yóò máa nà. Bí wọ́n bá ki ìrọ̀rí kẹta sí àárín, tí gbogbo wọn dọ́gba réjé-réjé, tí wọ́n sì pín gbogbo ẹrù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀nù 10 ni ti àárín yóò gbé, àwọn ti ìpẹ̀kun yóò sì gbé 3, 3. Ipá ìtẹ̀ yóò bọ́ sí 4 péré. Oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn kò ya òmùgọ̀ rárá; bí ilẹ̀ bá bá a lọ́wọ́ sí i, ó ti sọ ìyà òpó náà di ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ bí ìrọ̀rí ìpẹ̀kun kan bá rì pátápátá, ti àárín yóò gbé gbogbo tọ́ọ̀nù 16, èyí tí ó kù ní ìpẹ̀kun kejì kò ní gbé nǹkan kan, ipá ìtẹ̀ yóò sì padà di 16. Ẹ̀yìn òpó ni yóò máa nà nígbà yìí, kì í ṣe ikùn rẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé ti dúró. 16 ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 16 náà ni ó tún padà sí. Òpó roboto kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ikùn àti ẹ̀yìn. Bí ó bá ti fara da 16 kí wọ́n tó ki ìrọ̀rí kẹta sí i, kí ló dé tí kò lè fara da 16 lẹ́yìn rẹ̀? Ìtàn náà bí Salviati ṣe sọ ọ́ kò dáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé Galileo fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ó ń bẹ níbẹ̀. Ní Ọjọ́ Kejì, ó sọ ọ́ kedere pé gígùn jù lọ tí igi roboto lè ní kí ìwọ̀n ara rẹ̀ tó ṣẹ́ ẹ kò yàtọ̀, ì báà jẹ́ ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n ti gbé e tàbí àárín nìkan. Ìlọ́po méjì gígùn èyí tí a kì bọ ògiri ni yóò jẹ́. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó rántí òpó mábù àná kí ó ní, “Ẹ dákẹ́ ná, ṣé a kò ti tako ara wa?”

Ìtàn náà kò di irọ́ nítorí èyí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ìrọ̀rí àkọ́kọ́ má wà ní ìpẹ̀kun gan-an. Bí wọ́n bá sún wọn wọlé ní mítà 1 péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ipá ìtẹ̀ àárín á ti dín kù láti 16 sí 8. Nígbà náà, ìrọ̀rí kẹta pẹ̀lú rírì ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ yóò sọ ìyà òpó náà di ìlọ́po 2, ó sì tó láti ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn tí ń to pákó rí mọ̀ pé wọn kì í fi ìrọ̀rí sí ìpẹ̀kun gan-an. Ohun tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ láìsọ ni ó gbé ìtàn náà ró.

Igi Inú Ògiri

Àwòrán tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ìwé náà ni ti ìtì igi kan tí wọ́n kì bọ inú ògiri tí ó ti gbó, tí wọ́n wá fi ẹrù kọ́ sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ rọrùn: ẹrù mélòó ni yóò ṣẹ́ igi yìí? Galileo mọ̀ pé fífa igi já lóòró le púpọ̀ ju títẹ̀ ẹ́ ṣẹ́ lọ. Ọmọ kíláàsì kìíní pàápàá mọ̀ ọ́n bí ó bá mú ṣọ́ọ̀kì dání: kò lè fà á já, ṣùgbọ́n bí ó bá rọra tẹ̀ ẹ́, ó ti di méjì. Ohun tí Galileo fẹ́ ni láti fi èkíní ṣírò èkejì.

Ó fi igi náà wé lífà, ìyẹn ọ̀pá gbọọrọ tí a fi ń yẹ òkúta ńlá nídìí. Salviati ní ó hàn gbangba pé etí ìsàlẹ̀ ibi tí igi ti wọ ògiri ni igi náà yóò ti yí. Ẹrù ń fi gbogbo gígùn igi ṣe lífà láti ṣẹ́ ẹ. Ohun tí ó ń kọ̀ fún ẹrù ni gbogbo fọ́nrán igi tí ó wà lójú ibi tí yóò ti ṣẹ́. Gbogbo wọn ń fà bákan náà, àárín wọn sì jìnnà sí ojú-ìyí ní ìdajì gíga igi. Nítorí náà, bí a bá mú ipá tí ó lè fa igi já lóòró, tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìdajì gíga rẹ̀, a ti rí ipá ìtẹ̀ tí ó lè gbà.

Ìdá kan nínú 6 ni iye tí ó tọ̀nà fún ohun tí ń fà tí ó sì ń sún kì bákan náà títí yóò fi já. Ìdá kan nínú 2 ni Galileo rí. Ìlọ́po 3 ni ó fi ju òótọ́ lọ. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e yóò fi ẹrù 3 sí orí igi tí ó lè ru 1.

Àṣìṣe náà kò sí nínú ìṣirò. Inú “ó hàn gbangba” ni ó wà. Bí gbogbo fọ́nrán bá ń fa igi mọ́ ògiri, kí ni ó ń tì í padà? Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni etí ìsàlẹ̀ yẹn, tí kò nípọn ju ìlà lọ, tí gbogbo ìfúnpọ̀ yóò sì rọ́ lé lórí. Kò sí igi tàbí òkúta tí ó lè gba irú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni pé apá òkè igi ń nà, apá ìsàlẹ̀ ń sún kì, àárín kò sì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Fọ́nrán tí ó wà lókè pátápátá ni ó ń jìyà jù. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ni ìyà ń dín kù títí yóò fi tán. Níwọ̀n bí ìyà ti ń lọ láti odo dé ògógóró, ìdajì ògógóró ni ti apá òkè jẹ́ bí a bá pín in dọ́gba, ìdajì ojú igi nìkan ni ó sì ń fà, èyí tí ó fún wa ní ìdá kan nínú 4. Ibi tí ìfà àti ìfúnpọ̀ ti péjọ jìnnà síra ní ìdá 2 nínú 3 gíga igi. Ìdá kan nínú 4 lọ́nà ìdá 2 nínú 3 ni ìdá kan nínú 6. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán yìí kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ó gba àwọn onímọ̀ ní àkókò gígùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Hooke kéde ní ọdún 1678 pé bí nǹkan ṣe nà tó ni ipá tí ó fà á ṣe tó. Mariotte, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i pé fọ́nrán igi kì í fà bákan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1686, ìdá kan nínú 3 ni ó sì rí, èyí tí ó sàn ju ti Galileo ṣùgbọ́n tí kò tíì débẹ̀. Parent rí ìdá kan nínú 6 ní ọdún 1713, àwọn ènìyàn kò sì fetí sí i. Coulomb tún un gbé kalẹ̀ ní ọdún 1773. Ọdún 1826 ni ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Navier tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́. Ọdún 188 ni ó wà láàárín 1638 àti 1826.

Kí ló dé tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé àwọn àbájáde Galileo tí ó dá lórí ìfiwéra tọ̀nà gbogbo. Ó ní bí a bá gbé pákó dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò le ju èyí tí a tẹ́ pẹlẹbẹ lọ ní ìwọ̀n tí gíga rẹ̀ fi ju ìbú rẹ̀ lọ. Pákó tí ó jẹ́ íǹṣì 2 sí 6 yóò le ní ìlọ́po 3. Òótọ́ ni. Ó ní igi inú ògiri tí wọ́n bá fá ikùn rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́ lè pàdánù ìdá kan nínú 3 ìwọ̀n rẹ̀ kí ó má sì dín ní okun. Òótọ́ ni. Ó ní ohun oníhò bí ìyẹ́ ẹyẹ àti esùsú le ju ohun tí kò nihò tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lọ. Ẹni tí ó ti rí ọparun lábẹ́ dẹ́kìn tí wọ́n ń dà mọ̀ pé òótọ́ ni. Nínú ìfiwéra, 2 tàbí 6 tí a fi pín iye méjèèjì á ti pa ara wọn rẹ́, àṣìṣe kò sì ní fara hàn. Henry Crew àti Alfonso de Salvio, tí wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1914, fi àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé níbẹ̀ láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tu òǹkàwé nínú. Ẹni tí yóò sùn lábẹ́ àjà náà kò rí ìtùnú kankan nínú rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ìfiwéra ni ó wà lórí rẹ̀.

Ìdí kejì jẹ́ ti lítíréṣọ̀. Bí Ọjọ́ Kejì ti ń lọ, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ di aṣọ tí a kàn dà bo ìwé ìṣirò lórí. Àbá ń tẹ̀ lé àbá, Salviati ń fi ẹ̀rí tì í, Sagredo ń yìn ín, Simplicio sì ń gbóríyìn fún ìmọ̀ jiọ́mẹ́tírì tí kò kọ́ dáadáa. Simplicio ni ó yẹ kí ó béèrè ohun tí ń ti igi padà. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn. Nínú ìwé Galileo ti ọdún 1632, ó ń ta ko nǹkan débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ẹ̀sín. Nínú èyí, òǹkọ̀wé ti tù ú lójú, ó ti sọ ọ́ di ọmọ iléèwé tí ó gbọ́ràn, àṣìṣe sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ Náà “Agbára”

Ìṣòro kan tún wà fún ẹni tí yóò fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbára, ni a sábà máa ń lò fún ohun tí ẹrù ń ṣe sí igi àti fún ohun tí igi fi ń kọ̀ fún un. Gbólóhùn bí “agbára borí agbára” lè dùn létí nínú oríkì, ṣùgbọ́n kò lè yanjú ìṣirò. Galileo náà kó sínú irú ọ̀fìn yìí: ọ̀rọ̀ kan, resistenza, ni ó ń lò fún bí igi ṣe ń kọ̀ fún fífà àti bí ó ṣe ń kọ̀ fún títẹ̀, àfi ìgbà tí ó bá rántí láti fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe kún un. Yóò dára bí olùkọ́ bá ya ipá, tí í ṣe títì tàbí fífà láti ìta, sọ́tọ̀ kúrò lára okun, tí í ṣe ohun tí ó wà nínú ohun èlò. Lábẹ́ ipá ni ìfà, ìfúnpọ̀ àti ìtẹ̀ yóò wà. Èdè wa kò tòṣì nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Gbogbo ẹni tí ó ti gún iyán tàbí fa omi nínú kànga rí ni ó ti fi ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn.

Òpó Kẹta Lábẹ́ Dẹ́kìn

Ohun tí ó sọ ìtàn òpó mábù di ọ̀rọ̀ ilé wa ni àṣà kan tí ó wọ́pọ̀. Dẹ́kìn ń tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀ láàárín, tàbí onílé fẹ́ fi àjà kan kún ilé rẹ̀. Bíríkìlà ní kí wọ́n ri òpó tuntun sí abẹ́ àárín igi kọnkéré tí ó gbé dẹ́kìn náà, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ọgbọ́n ni.

Kọnkéré kò fẹ́ràn ìfà rárá. Irin ni ó ń bá a gbà á. Nínú igi kọnkéré tí wọ́n ṣe láti dúró lórí òpó méjì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó irin tí ó nípọn sí, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni yóò máa nà. Irin òkè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kàn fi í di irin yòókù mú ni. Bí òpó tuntun bá dé sí àárín láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi jáákì gbé igi náà sókè, kò tíì gbé nǹkan kan lára ẹrù àtijọ́. Ẹrù tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń pín. Nígbà tí wọ́n bá wá kọ́ àjà tuntun lé e, tí ẹrù náà sì pọ̀, òkè igi kọnkéré yẹn lórí òpó tuntun ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nà, níbi tí kò ti sí irin tí yóò gbà á. Ibẹ̀ ni yóò ti sán, lábẹ́ tàìsì tàbí lábẹ́ ẹní, níbi tí ojú kò tó. Bí òpó àtijọ́ kan bá tún wá rì sínú ilẹ̀ àbàtà, a ti padà sí ọgbà tí wọ́n ti dá òpó mábù dùbúlẹ̀.

Kò sí ohun tí ó lòdì nínú kí ilé ní òpó mẹ́ta. Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bi bíríkìlà ni ibi tí irin wà, ohun tí òpó tuntun dúró lé, àti bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe rí sí ti àwọn yòókù. Ọmọ ọdún 12 lè kọ́ bí a ṣe ń bi irú ìbéèrè yìí. Rúlà onígi gígùn kan, páálí ìṣáná mẹ́ta àti fóòmù kékeré kan tó fún olùkọ́ láti fi hàn án. Kí ó kọ́kọ́ fi rúlà lé páálí méjì, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀kẹta sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó yọ páálí ìpẹ̀kun kan kúrò, kí ó fi fóòmù rọ́pò rẹ̀, kí ó tó ní kí ọmọ kan tún tẹ rúlà náà sísàlẹ̀ lórí fóòmù, kí àwọn yòókù sì máa wo ohun tí ìpẹ̀kun kejì yóò ṣe.